Owó Oúnjẹ Ọmọ Kì í Ṣe Owó Ìwòran: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Àwọn Bàbá àti Ìyá Tí Wọ́n Ti Pínyà

Lẹ́tà tó pọ̀ jù lọ lóṣù yìí wá láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè) nílẹ̀ Benin, ọ̀rọ̀ inú wọn sì jọra: ọkùnrin àti obìnrin bímọ, wọn kò dé méérì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú tí wọ́n ti ń so ìgbéyàwó, wọ́n ti pínyà, ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá. A mú mẹ́fà nínú wọn. A yọ orúkọ kúrò, a sì gé àwọn tó gùn kúrú.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún mẹ́ta. A ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, mo san díẹ̀ nínú owó ìdána, àlùfáà sì so yìgì fún wa, ṣùgbọ́n a kò lọ sí méérì. Ọdún tó kọjá la pínyà. Nígbà tí wọ́n bí ọmọ náà, Kútọnu ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ ló lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, orúkọ mi kò sì sí nínú ìwé ìbí. Àwọn àna mi wá ní àfi kí n parí ìdána kí n tó fojú kan ọmọ. Ṣé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i?
*Bàbá ọlọ́mọ kan, Ouando, Àjàṣẹ́*

Rárá, wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà kò tíì ní ẹ̀tọ́ tí ẹ rò pé ẹ ní, ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀.

Òfin tó ń darí ọ̀rọ̀ ìdílé nílẹ̀ wa ni Code des personnes et de la famille, òfin 2002-07 ti ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2004, tí wọ́n tún àwọn apá kan rẹ̀ ṣe lọ́dún 2021. Òfin yìí ní àmì lásán ni ìdána jẹ́. Ó tún ní ìgbéyàwó tí òṣìṣẹ́ état civil, ẹ̀ka ìjọba tó ń kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀, bá so nìkan ni òfin mọ̀. Yìgì tí àlùfáà so, àdúrà tí pásítọ̀ gbà, ìdána tí gbogbo àdúgbò jẹ ìrẹsì rẹ̀, kò sí èyí tó sọ yín di ọkọ lójú adájọ́. Ọkọ tó bá ṣe ti méérì, òfin gbà láìbi í léèrè pé òun ni bàbá ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ bí. Ẹni tí kò bá ṣe é, àfi kó fẹnu ara rẹ̀ gba ọmọ níwájú òṣìṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní reconnaissance, tàbí kí ilé-ẹjọ́ kéde pé òun ni bàbá. Ọmọ tí ẹ sọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, tí ẹ sì ń kì ní oríkì ilé yín, kò ní bàbá nínú ìwé. Ìdí nìyẹn tí àwọn àna yín fi lè máa sọ̀rọ̀ sí yín bó ṣe wù wọ́n.

Nítorí náà, ẹ gba ọmọ yín sórí ìwé kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ ìbẹ̀wò. Ọ́fíìsì état civil ní arrondissement (ẹ̀ka ìjọba ìbílẹ̀) tí wọ́n ti kọ ìwé ìbí ọmọ ni kí ẹ lọ, kì í ṣe ti ibi tí ẹ̀ ń gbé. Ẹ mú ìwé ìbí ọmọ dání, ẹ mú tiyín náà, àti CIP (ìwé ìdánimọ̀ tí ìjọba ń fúnni) tàbí káàdì ìdánimọ̀ yín. Bí ìyá ọmọ bá lè bá yín lọ pẹ̀lú káàdì tirẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á yá. Ẹni tí kò bá fẹ́ gba ibẹ̀ lè lọ bá notaire, amòfin tó ń kọ ìwé tí òfin mọ̀, ṣùgbọ́n yóò sanwó iṣẹ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ yóò kọ ohun tí ẹ sọ sílẹ̀, ẹ ó fọwọ́ sí i, wọn yóò sì kọ ọ́ sí etí ìwé ìbí ọmọ nínú ìwé ńlá.

Ẹ má fọwọ́ sí i láìkà á. Orúkọ Yorùbá tí wọ́n ń fi Faransé kọ ló ń da ìwé rú jù lọ: níbì kan wọ́n kọ Adéchina, níbòmíràn Adéshina, lórí ìwé kẹta Adéchinan. Ẹ fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wé èyí tó wà lórí CIP yín, torí orúkọ tí NPI yín, nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín lọ́dọ̀ ìjọba, mọ̀ nìyẹn. Àṣìṣe tí ẹ bá rí níwájú òṣìṣẹ́ kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láti tún ṣe. Èyí tí ẹ bá gbé dé ilé yóò ṣòro láti tún ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ ọ́ sí etí ìwé tán, ẹ béèrè acte de naissance sécurisé (ìwé ìbí tí a kò lè yà ní èké) tuntun lọ́wọ́ ANIP, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìdánimọ̀. Fọ́tòkọ́pì àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ ìyá ọmọ kò ní yí padà fúnra rẹ̀, òun náà sì ni yóò máa mú lọ síbi gbogbo bí ẹ kò bá fún un ní tuntun.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe. Inú máa ń bí àwọn bàbá kan, wọ́n á lọ sí arrondissement mìíràn lọ ṣe ìwé ìbí kejì, wọ́n á fi orúkọ ìdílé wọn sí i, ìgbà mìíràn wọ́n á yí ọjọ́ ìbí padà. Ìwé èké nìyẹn, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni lábẹ́ òfin. Ọmọ yóò di ẹni méjì: ẹnì kan ní ilé-ìwé, ẹnì kejì nínú NPI. Ọjọ́ tó bá fẹ́ jókòó fún CEP, ìdánwò ìparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tàbí tó fẹ́ gba páspọ́ọ̀tù ni wàhálà yóò bẹ̀rẹ̀, òun tí kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀ ni yóò sì jìyà rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wọn kò forúkọ ọmọ sílẹ̀ rí rárá, ìyẹn ní ọ̀nà tirẹ̀: jugement supplétif, ìdájọ́ tó ń dípò ìwé ìbí, nílé-ẹjọ́. Bí ìyá ọmọ bá sì ní ẹ̀yin kọ́ ni bàbá, ilé-ẹjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ní ti àwọn àna yín, ẹ jẹ́ kí àgbà kan nínú ilé yín mú ọjọ́ méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan fún ìdána, ọ̀kan fún ọmọ. Lọ́jọ́ ti ọmọ, ẹ má gbé owó ìdána kankan dání, ẹ má sì ṣèlérí rẹ̀. Ẹ gbà pé ẹ jẹ gbèsè bí ẹ bá jẹ ẹ́. Ìtìjú kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í ṣe ìwọ̀fà tí a fi sílẹ̀ títí a ó fi rówó san. Kí ẹ̀yin náà mọ̀ pé gbígba ọmọ sórí ìwé kò túmọ̀ sí pé kí ẹ lọ gbé e lọ́jọ́ kejì. Ibi tó ń gbé ni yóò ṣì wà títí ẹ ó fi fohùn ṣọ̀kan tàbí tí adájọ́ yóò fi sọ̀rọ̀. Ohun tó yí padà ni pé bàbá rẹ̀ ti wà nínú ìwé, yóò sì bá àwọn ọmọ yín yòókù pín ogún yín dọ́gba, bó ti wù kí àwọn ará ilé máa kùn tó.

Ẹ kú ojúmọ́. Bàbá àwọn ọmọ mi méjì kì í mú nǹkan wá lóṣooṣù. Bó bá di Iléyá, yóò gbé bàtà, aṣọ àti fóònù iṣeré wá, gbogbo àdúgbò á máa yìn ín. Bí mo bá béèrè owó oúnjẹ, á ní ṣé òun ń rí wọn ni? Ó tún ní ilé-ìwé ìjọba kò gba owó. Èló gan-an ló yẹ kó máa san?
*Ìyá Ìbejì, Kétu*

Owó oúnjẹ kì í ṣe owó ìwòran tí ènìyàn ń san kó tó wọlé. Bí bàbá kò bá rí ọmọ lóṣù yìí, ọmọ yóò ṣì jẹun. Bákan náà, bí kò bá sanwó lóṣù yìí, ìyẹn kò fún ẹ̀yin ní àṣẹ láti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ méjì ni, ìwé méjì ni kí ẹ fi kọ wọ́n.

Kò sí iye kan tí òfin dá fún gbogbo bàbá. Ohun tí ọmọ nílò àti ohun tó ń wọlé fún òbí kọ̀ọ̀kan ni adájọ́ máa ń wò, ẹ̀yin náà sì lè ṣe ìṣirò yẹn nílé kí ẹ tó dé iwájú ẹnikẹ́ni. Ẹ mú ọmọ kan. Ká ní oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ 500 F lójúmọ́, 15.000 F nìyẹn lóṣù. Ọṣẹ, òróró ìpara, irun dídì àti aṣọ díẹ̀díẹ̀: 3.000 F. Owó tí ẹ fi pamọ́ de ibà àti ikọ́: 2.000 F. Kaakí, bàtà, ìwé, bírò, àpò àti àwọn owó kéékèèké tí ilé-ìwé ń béèrè: ká ní ó jẹ́ 36.000 F lọ́dún, ẹ pín in sí 12, ó di 3.000 F lóṣù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 23.000 F. Bí 80.000 F bá ń wọlé fún bàbá lóṣù, tí 40.000 F sì ń wọlé fún ìyá, ìdá méjì nínú mẹ́ta jẹ́ ti bàbá, ìdá kan jẹ́ ti ìyá. Ti bàbá yóò jẹ́ bíi 15.500 F lórí ọmọ kan. Ẹ fi iye tiyín rọ́pò tiwa, ẹ sì mú rìsíìtì bàtà àti ìwé ọdún tó kọjá dání, torí bí ẹ bá sọ iye láìní ẹ̀rí, àríyànjiyàn ni yóò dá sílẹ̀.

Ní ti ilé-ìwé ìjọba, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀: láti 2006 ni wọ́n ti fagi lé owó ilé-ìwé ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. Ṣùgbọ́n ìjọba kì í rán kaakí fún ọmọ, kì í sì í bọ́ ọ ní alẹ́.

Ohun tó máa ń ba àdéhùn jẹ́ kì í sábà jẹ́ iye owó, ọjọ́ ni. «Bí mo bá rí» kì í ṣe ọjọ́. Ẹ mú ọjọ́ kan tó tẹ̀lé ìgbà tí owó ń wọlé fún un: òṣìṣẹ́ ìjọba, ọjọ́ karùn-ún oṣù, oní-zẹ̀mí (ọlọ́kadà), ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí owó náà má bàa sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ àgbẹ̀, tí púpọ̀ nínú àwọn ará Kétu sì jẹ́, kò bọ́gbọ́n mu kí ẹ máa lé e fún 15.500 F lóṣù karùn-ún nígbà tí àgbàdo ṣì wà lóko. Ẹ jẹ́ kó san díẹ̀ lóṣooṣù, kó fi àpò àgbàdo dí èyí tó kù nígbà ìkórè, kí ẹ kọ iye àpò àti iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà lọ́jọ́ yẹn sílẹ̀. Bí ẹ kò bá kọ iye ọjà, nígbà tí àgbàdo bá wọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, òun á ní àpò kan jẹ́ ọ̀pọ̀ owó, ẹ̀yin á ní kò tó bẹ́ẹ̀.

Kí owó gba orí fóònù kọjá, MoMo, Moov Money tàbí Celtiis, sí nọ́ńbà ìyá fúnra rẹ̀. Kó má gba ọwọ́ ìyá àgbà, kó má gba ọwọ́ oní-zẹ̀mí, kó má sì gba ọwọ́ ọmọ láé. Ọmọ tí wọ́n ń rán níṣẹ́ owó ni yóò gbọ́ èébú ìhà méjèèjì. Bí ẹ bá ní ìwé àdéhùn tó ti pẹ́, ẹ wo nọ́ńbà inú rẹ̀: láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni 01 ti ṣíwájú gbogbo nọ́ńbà wa, wọ́n sì ti di oní-10. Ẹ tún un kọ.

Bàtà Iléyá ńkọ́? Ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́. Ẹ̀bùn ni, ẹ má yọ ọ́ kúrò nínú owó oṣù, òun náà kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, Centre de Promotion Sociale, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìdílé àti ọmọ, CPS tí wọ́n ti ń pè ní GUPS báyìí, wà ní Kétu. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ mú ìṣirò yín lọ. Tí adájọ́ bá wá pàṣẹ iye kan, tí bàbá sì kọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ìjà ilé, torí òfin ìjìyà ti 2018 ka pípa ìdílé tì sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ìyá ọmọ mi ti fẹ́ ọkùnrin mìíràn, ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́rin sì ń pe ọkùnrin náà ní bàbá. Ó dùn mí dé egungun. Kí ni kí n ṣe?
*Ọkùnrin kan, Sakété*

Ẹ má ṣe nǹkan kan sí i. Ọmọ Yorùbá ń pe bàbá àgbà, bàbá àbúrò, bàbá tó ń ta búrẹ́dì ní bàbá. Ọlọ́dún mẹ́rin kò fi ìyẹn lé yín kúrò. Ohun tó yẹ kó dùn yín ni bí wọ́n bá ń fi orúkọ yín pamọ́ fún un. Ẹ bẹ ìyá rẹ̀ pé kí ọmọ mọ orúkọ yín, kó mọ ìlú yín, kó mọ oríkì rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má bi í pé «èmi àti ẹni yẹn, ta ni bàbá rẹ?» Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí ọmọ máa sá fún ọjọ́ ìbẹ̀wò.

Ṣábẹ̀ẹ́ ni ọmọ mi ọkùnrin wà, oṣù mẹ́rìnlá ni. Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo máa ń wálé nígbà kajú. Nígbà tí mo dé kẹ́yìn, ó sunkún bíi pé ẹni ibi ni mí. Mo rò pé ìyá rẹ̀ ló ń kọ́ ọ. Mo fẹ́ rán àbúrò mi kó lọ gbé e wá bá mi ní Èkó fún oṣù kan kí ó lè mọ̀ mí. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?
*Bàbá ọmọ, láti Èkó*

Kò dára, ó sì lè gbé àbúrò yín dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti òfin kíákíá. Òfin 2006-04 ti ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 2006 ló ń darí bí a ṣe ń gbé ọmọdé láti ibì kan dé ibòmíràn ní Benin, nítorí òwò ọmọ tó gbilẹ̀ nígbà náà. Ọmọ tí kò sí lọ́wọ́ bàbá tàbí ìyá tó bí i, tàbí ẹni tó ní àṣẹ lórí rẹ̀, kò gbọdọ̀ rìnrìn-àjò láìsí ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ibi tó ń gbé, kódà láàárín orílẹ̀-èdè. Bó bá wá di ti òde ẹnu ibodè, ó tún le sí i. Àbúrò yín tó gbé ọmọ oṣù mẹ́rìnlá lọ́wọ́ láìsí ìwé, lójú àwọn tó wà lẹ́nu ibodè, kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń kó ọmọ tà. Ohùn yín lórí fóònù kò ní gbà á sílẹ̀.

Ti ọmọ gan-an ló ṣe pàtàkì jù. Láti bí oṣù mẹ́jọ sókè ni ọmọ ti ń bẹ̀rù ojú tí kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run dá a. Ọmọ tí ẹ rí fún ọjọ́ kan lẹ́yìn oṣù márùn-ún, àlejò ni yín lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ ní ẹkún. Bí ẹ bá já a gbà mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó ń sunkún, ẹ̀rù yín ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.

Ọ̀nà tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó jìnnà ni kí ẹ kó ìgbà díẹ̀ jọ papọ̀. Bí ẹ bá wálé nígbà kajú, ẹ má lo ọjọ́ mẹ́wàá lóko kí ẹ tó wá fi wákàtí kan bẹ ọmọ wò lọ́jọ́ tí ẹ ń padà. Ẹ lọ ní ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, wákàtí kan sí méjì lójúmọ́, ní ibi tí ìyá tàbí ìyá àgbà wà. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ má gbé e, ẹ jẹ́ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ọjọ́ kejì, ẹ fún un lóúnjẹ. Ọjọ́ kẹta, ẹ wẹ̀ fún un, kí ìyá kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀. Tó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ lè gbé e lọ sílé ìyá yín ní Ṣábẹ̀ẹ́ fún ìdajì ọjọ́. Oorun òru kò kan ọmọ tó ṣì ń mu ọmú lóru. Ẹ jẹ́ kó já lẹ́nu ọmú ná, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òru kan ṣoṣo. Oṣù kan lójijì fún ọmọ oṣù mẹ́rìnlá kì í ṣe ìbẹ̀wò rárá, ìjágbà ló jẹ́ fún un. Tí ẹ bá sì rò pé ẹ ó gbé e dé Èkó, tí ẹ ó fi sọ́dọ̀ arábìnrin yín nígbà tí ẹ bá lọ síbi iṣẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìyẹn àti vidomègon, ọmọ tí wọ́n fi sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tó wá di ọmọ ọ̀dọ̀.

Ní àárín ìgbà, ẹ fi fídíò pè é, ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ní ọjọ́ kan náà àti wákàtí kan náà lọ́sẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ kọ orin kan náà nígbà gbogbo. Ó dàbí eré, ṣùgbọ́n ohùn ni ọmọ yẹn fi máa dá yín mọ̀ kí ó tó mọ ojú yín. Ẹ bẹ ìyá rẹ̀ kó ya àwòrán ìwé àjẹsára rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, kẹwàá àti kẹrìnlá, lẹ́yìn náà oṣù kẹsàn-án: ẹ wò ó bóyá èyíkéyìí fò. Bó bá fò, ẹ fi owó zẹ̀mí ránṣẹ́ kí wọ́n gbé e lọ. Bàbá tó mọ ìwé àjẹsára ọmọ rẹ̀ kò nílò ariwo kí wọ́n tó mọ̀ pé bàbá ni.

Mo ń san owó oṣù láìyẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ wà lórí fóònù mi. Síbẹ̀ bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ní ọmọ ń sùn, tàbí ó ti lọ sí oko. Ó ti tó oṣù mẹ́rin. Ṣé kí n dá owó náà dúró? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ gbé e níbi ilé-ìwé.
*Ẹni tí sùúrù fẹ́ tán lára rẹ̀, Àjàṣẹ́*

Ẹ má dá owó dúró. Ọjọ́ tí ẹ bá dá a dúró, ẹjọ́ yín ti bàjẹ́: ìyá ọmọ yóò dé iwájú adájọ́ pẹ̀lú oṣù tí ẹ kò san, ẹnikẹ́ni kò sì ní rántí oṣù mẹ́rin tí ẹ fi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ti ọ̀rẹ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lóhùn. Ọmọ tí wọ́n já gbà lẹ́nu géètì ilé-ìwé, ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀, yóò sì máa bẹ̀rù géètì yẹn fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ dáwọ́ dídé lójijì dúró. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ní ohùn tí ẹ kò ní tijú bí adájọ́ bá kà á sókè: «Ìyá Táyé, ẹ kú àárọ̀. Mo fẹ́ wá rí Táyé ní Sátidé, aago mẹ́rin sí mẹ́fà, nílé ìyá yín. Bí ọjọ́ náà kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ èyí tó rọ̀ yín.» Kò sí èébú, kò sí «ọmọ mi ni». Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ lọ sílẹ̀, ẹni tó dáhùn àti ohun tó sọ. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta tí kò bọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí àgbà kan láti ìhà tiyín àti ọ̀kan láti ìhà tirẹ̀ pàdé. Àgbà tí ẹ bá yàn kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó dá sí ìjà tó tú yín ká.

Bí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, ẹ lọ sí CPS. Wọn yóò fi ìwé pe ẹ̀yin méjèèjì, wọn yóò gbọ́ yín lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ àti papọ̀, ohun tí ẹ bá sì fohùn sí, wọn yóò kọ ọ́, ẹ ó fọwọ́ sí i. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ «bàbá lè máa rí ọmọ nígbà tó bá fẹ́». Gbólóhùn yẹn ni ìjà tó ń bọ̀. Kí ìwé náà sọ ọjọ́, wákàtí, ibi tí ẹ ó ti gbà á àti ibi tí ẹ ó dá a padà sí, ẹni tó lè dúró fún yín bí ara yín kò bá yá, ìṣẹ́jú tí wọn yóò fi dúró bí ẹ bá pẹ́ (a gbà yín nímọ̀ràn 45), àti ẹni tó ń sanwó ọkọ̀. Kó pín ọlidé ńlá, láti oṣù keje dé àárín oṣù kẹsàn-án, sí méjì. Iléyá tàbí Kérésì, ọdún yìí lọ́dọ̀ bàbá, ọdún tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ ìyá. Kó sì sọ pé ẹ ó tún un wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, torí ọmọ ń dàgbà, àdéhùn kì í dàgbà fúnra rẹ̀.

Bí ó bá kọ̀ láti wá lẹ́yìn ìwé ìpè, tàbí tó fọwọ́ sí i tí kò tẹ̀lé e, ilé-ẹjọ́ ló kù. Tribunal de première instance Àjàṣẹ́ ni tiyín; àwọn ará Kétu ń lọ sí Pobè, àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ sí Savalou. Ẹ mú ìwé ìbí ọmọ tí orúkọ yín wà nínú rẹ̀, ẹ̀rí owó, àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ àti ìwé CPS. Code de l'enfant, òfin 2015-08 lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ní ire ọmọ ni kí adájọ́ fi ṣáájú. Ire ọmọ ni kí ẹ̀yin náà máa sọ níbẹ̀: ẹni tó ń mú un lọ sí ilé-ìwé, ibi tí yóò sùn lọ́dọ̀ yín, ohun tí yóò jẹ. Bàbá tó fi gbogbo àkókò rẹ̀ ka ẹ̀ṣẹ̀ ìyá ọmọ kì í rí àyè sọ nǹkan kan nípa ọmọ. Àṣà tó ní ọmọkùnrin tó bá pé ọdún méje ti di ti ilé bàbá rẹ̀, adájọ́ lè fetí sí i, ṣùgbọ́n kò dè é.

A kò lè fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ níhìn-ín, torí lẹ́tà yín kò sọ ìdí tí wọ́n fi ń pa ilẹ̀kùn dé. Bí ẹ bá ti lu ìyá ọmọ rí, tàbí tí ẹ halẹ̀ mọ́ ọn, ìbẹ̀rù ló ń ti ilẹ̀kùn náà, kì í ṣe àrankàn. Ẹ má lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mọ́. Ẹ ní kí CPS yan ibi tí ẹlòmíràn yóò ti máa fà á lé yín lọ́wọ́, kí ẹ̀yin àti ìyá rẹ̀ má pàdé, kí òṣìṣẹ́ kan sì wà nítòsí ní àwọn ìgbà àkọ́kọ́. Ó lè pẹ́ kí wọ́n tó fún yín láyè jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì jàre.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé mo lè lọ béèrè èsì ìdánwò ọmọ mi lọ́wọ́ olùkọ́ bí ìyá rẹ̀ kò bá rán mi?
*Bàbá ọlọ́mọ kan, Kétu*

Ẹ lè lọ, bí orúkọ yín bá wà nínú ìwé ìbí rẹ̀. Ẹ lọ bá olùdarí, kì í ṣe olùkọ́ nínú kíláàsì. Ẹ lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ń pín èsì, torí ọjọ́ yẹn kò ní ráyè gbọ́ yín. Ẹ ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà yín sí abẹ́ ti ìyá rẹ̀, kí wọ́n má pa tirẹ̀ rẹ́, kí ẹ sì sọ fún ìyá ọmọ pé ẹ ti lọ kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìpàdé àwọn òbí wà fún yín náà. Ẹ mú CIP dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́: olùdarí tó gbọ́n yóò fi orúkọ orí rẹ̀ wé ti ìwé ìbí ọmọ kí ó tó ṣí ẹnu.